Kò Ṣe Eku, Kò Ṣe Ẹyẹ: Iyì Táìtì Ẹ́ǹdì Nínú Bọ́ọ̀lù Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn mí láti sọ lónìí jẹ́ ọ̀rọ̀ eré ìdárayá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi dé ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó iṣẹ́ ni pẹ̀lú. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ènìyàn 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan í máa ní lórí pápá. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹni tí wọ́n ń pe ipò rẹ̀ ní táìtì ẹ́ǹdì. Ìbéèrè mi ni pé, èló ni ó yẹ kí a ka ọkùnrin yìí sí nígbà tí ó bá jẹ́ ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù mú? Èrò tèmi ni pé iye bọ́ọ̀lù tí ó mú kò tó láti fi díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ó níye lórí jù lára rẹ̀ ni iyèméjì tí ó ń kó bá àwọn tí ó dojú kọ ọ́, àwọn tí ń kọ ìṣirò eré sílẹ̀ kò sì ní àyè kankan nínú ìwé wọn fún iyèméjì.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí eré náà ti rí, nítorí púpọ̀ nínú wa ni ó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá nìkan ni a mọ̀. Bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà gùn gbọọrọ, orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó, ọwọ́ ni wọ́n sì sábà fi ń gbé e sá tàbí fi ń jù ú. Ikọ̀ akọlù ní ìgbìyànjú 4 láti fi gba yáàdì 10 lọ́wọ́ ikọ̀ adáàbòbò. Bí wọ́n bá gbà á, a ó tún fún wọn ní ìgbìyànjú 4 mìíràn. Bí wọn kò bá rí i gbà, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù náà dé ìkángun pápá lọ́hùn-ún, a ó ka àmì 6 fún wọn. Èyí ni n ó máa pè ní ayò àgbéwọlé. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà rìn. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹnì kan yóò há bọ́ọ̀lù mọ́ra, yóò sì sáré gba àárín èrò kọjá. Nínú ti èkejì, olórí ikọ̀ akọlù, tí wọ́n ń pè ní kúọ́tábáàkì, yóò ju bọ́ọ̀lù sí ẹnì kan tí ó ti sáré síwájú. Òfin kò fi ìgbà kan gba irú jíjù síwájú bẹ́ẹ̀. Ọdún 1906 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àyè gbà á.

Ẹ wá fi ojú inú wo ìlà tí wọ́n ń tò kí ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Ó kéré tán, ènìyàn 7 nínú ikọ̀ akọlù ni ó gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlà náà. Òmìrán ni àwọn 5 tí ó wà láàárín. Adènà ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti ti ọ̀tá sẹ́yìn, òfin kò sì gbà kí wọ́n mú bọ́ọ̀lù tí a jù síwájú. Àwọn tí ó wà ní ìpẹ̀kun ìlà, ní apá ọ̀tún àti apá òsì, àti àwọn tí ó dúró lẹ́yìn ìlà, ni òfin gbà láàyè láti mú un. Ẹni ìpẹ̀kun kan lè jìnnà réré sí àwọn adènà, kí ó lọ dúró ní ẹ̀bá pápá. Amúbọ́ọ̀lù ẹ̀bá pápá ni ìyẹn, ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ tí ó sì mọ eré sá. Ṣùgbọ́n ẹni ìpẹ̀kun kejì a máa fara mọ́ adènà tí ó kẹ́yìn tímọ́tímọ́, èjìká sí èjìká. Òun ni táìtì ẹ́ǹdì. Ibi tí ó dúró sí sọ ọ́ di adènà, òfin sì sọ ọ́ di amúbọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà a máa sọ nípa àjàò pé kò ṣe eku, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ẹyẹ. Bí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ti rí gan-an nìyẹn.

Fún ìgbà pípẹ́, adènà kẹfà ni ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ẹni tí ó wà ní ipò yìí ṣe. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n í ju bọ́ọ̀lù sí i, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń ta ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́rẹ. Ní ọdún 1961, ẹgbẹ́ Chicago Bears mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé láti yunifásítì, Mike Ditka ni orúkọ rẹ̀. Nínú ìdíje 14 ti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ yẹn, ó mú bọ́ọ̀lù 56 fún yáàdì 1,076, ó sì gba ayò àgbéwọlé 12. Lẹ́yìn ọdún méjì, John Mackey wọ ẹgbẹ́ Baltimore Colts. Ní tirẹ̀, eré sísá rẹ̀ pọ̀ tó ti amúbọ́ọ̀lù ẹ̀bá pápá, ẹni tí ó bá sì fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀ ní láti múra gidigidi. Nínú ìdíje àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl, èyí tí ó wáyé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1971, bọ́ọ̀lù kan tí Johnny Unitas jù kan ọwọ́ ẹlòmíràn kí ó tó bọ́ sí Mackey lọ́wọ́. Mackey gbé e sá títí ó fi di ayò. Yáàdì 75 ni gbogbo rẹ̀. Colts borí Dallas Cowboys ní 16 sí 13 lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn tí ń yan akọni sínú Gbọ̀ngàn Olókìkí ní ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, tó ka ipò yìí sí. Ọdún 1963 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Ọdún 1988 ni Ditka wọ inú rẹ̀, òun sì ni táìtì ẹ́ǹdì àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn. Mackey tẹ̀ lé e ní ọdún 1992.

Ohun tí ó wá tú ipò náà sílẹ̀ pátápátá ni òfin. Ní ọdún 1978, líìgì NFL kéde pé ẹ̀ṣọ́ kò gbọ́dọ̀ máa ti amúbọ́ọ̀lù kiri mọ́ bí ó bá ti kọjá yáàdì 5 sí ìlà, wọ́n sì gba àwọn adènà láàyè láti na apá kí wọ́n sì la àtẹ́lẹwọ́ bí wọ́n bá ń dáàbò bo kúọ́tábáàkì. Bọ́ọ̀lù jíjù rọrùn sí i. Ní ìlú San Diego, akọ́nimọ̀ọ́gbá kan wà tí ó ti fẹ́ràn bọ́ọ̀lù jíjù kí òfin tó yí padà, Don Coryell. Ní ọdún 1979 ni ẹgbẹ́ rẹ̀, Chargers, mú Kellen Winslow wọlé. Coryell kò fi í mọ sí ojú kan ní ẹ̀gbẹ́ adènà. Lónìí ó wà lórí ìlà, lọ́la ó wà lẹ́yìn ìlà, lọ́túnla ẹ ó bá a ní ẹ̀bá pápá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ó ń wá ibi tí ọkùnrin náà yóò ti bá ẹ̀ṣọ́ tí kò kò ó lójú pàdé. Ní ọdún 1980, Winslow mú bọ́ọ̀lù 89 fún yáàdì 1,290.

Eré kan wà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò jẹ́ gbàgbé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1982, Chargers lọ bá Dolphins ní Miami. Winslow mú bọ́ọ̀lù 13 fún yáàdì 166. Nígbà tí àkókò ń parí lọ tí òmì sì wà, Dolphins fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù kan wọlé kí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Winslow yìí kan náà ni ó fò sókè tí ó fi ọwọ́ dá a padà. Wọ́n gba àfikún àkókò, Chargers borí ní 41 sí 38, àwọn ẹlẹgbẹ́ Winslow méjì sì ni ó fi èjìká gbé e kúrò lórí pápá nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Mo mẹ́nu ba ọjọ́ náà nítorí pé òkìkí rẹ̀ ti mú kí àwọn ènìyàn rò pé iye bọ́ọ̀lù tí Winslow mú ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Èmi fẹ́ kí a wò ó láti apá àwọn tí ń ṣọ́ ọ. Ikọ̀ adáàbòbò ní ẹ̀ṣọ́ àárín, wọ́n sì ní ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ àárín tóbi, wọ́n lágbára, wọ́n mọ bí a ti ń dá ẹni tí ń gbé bọ́ọ̀lù sá dúró. Ṣùgbọ́n eré wọn kò tó nǹkan bí a bá tú wọn sí gbangba. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn yára bí àṣá, ṣùgbọ́n wọ́n kéré. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ń dáàbò bo ilé kò lè pinnu irú èyí tí yóò kó wọlé àfi bí ó bá kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe. Bí ọ̀tá bá kó amúbọ́ọ̀lù ẹ̀bá pápá mẹ́rin jáde, ó mọ̀ pé jíjù ni. Bí wọ́n bá kó adènà kún adènà, ó mọ̀ pé sísáré ni. Táìtì ẹ́ǹdì tí ó mọ iṣẹ́ méjèèjì kò jẹ́ kí ó mọ nǹkan kan. Bí ó bá kó àwọn tí ó tóbi wọlé láti dá eré sísá dúró, ọkùnrin náà yóò sáré fi wọ́n sílẹ̀, yóò sì mú bọ́ọ̀lù. Bí ó bá kó àwọn kéékèèké wọlé láti ṣọ́ ọ, ọkùnrin kan náà yóò gbá wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tí ń gbé bọ́ọ̀lù sá lè kọjá. Ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo.

Àpẹẹrẹ tí ó yé mi jù nípa èyí wáyé ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2019 ní ìlú Atlanta, nínú Super Bowl tí New England Patriots bá Los Angeles Rams gbá. Eré náà gbẹ bí igi dáná. Títí wọ́n fi wọ ìdá kẹrin, 3 sí 3 ni wọ́n wà, kò sì sí ayò àgbéwọlé kankan. Nígbà náà ni Patriots kó táìtì ẹ́ǹdì méjì wọlé, Rob Gronkowski jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì fi adènà kan tí í dúró lẹ́yìn ìlà kún wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí irú àkójọ bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé wọ́n fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù sá ni. Rams kó àwọn tí ó tóbi wọlé láti pàdé wọn. Kí ni Patriots ṣe? Wọ́n tú ká sórí pápá láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bí ẹni pé amúbọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn. Àwọn òmìrán Rams wá bá ara wọn ní gbangba níbi tí ẹsẹ̀ kò ti lè gbà wọ́n. Tom Brady ju bọ́ọ̀lù sí Gronkowski, yáàdì 18; ó jù ú sí Julian Edelman, yáàdì 13; ó jù ú sí Rex Burkhead, yáàdì 7; ó tún jù ú sí Gronkowski láàárín ẹ̀ṣọ́, yáàdì 29. Ó ku yáàdì 2 péré. Sony Michel gbé e wọlé. Ìgbìyànjú 5, yáàdì 69, ayò àgbéwọlé kan ṣoṣo tí ó wà nínú eré náà, èyí tí ó parí ní 13 sí 3.

Nínú ìwé ìṣirò, bọ́ọ̀lù 2 ni wọn yóò kọ fún Gronkowski nínú ìrìn yẹn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni yáàdì 13 ti Edelman àti 7 ti Burkhead? Bí kò bá jẹ́ pé Rams gbà gbọ́ pé Gronkowski lè dènà, wọn kì bá tí kó àwọn tí ó tóbi wọlé. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá wo eré rẹ̀ láti ọdún 2010 tí ó ti wọ Patriots yóò jẹ́rìí sí i pé inú rẹ̀ a máa dùn bí ó bá ti ẹnì kan ṣubú ju bí ó ti mú bọ́ọ̀lù lọ. Ìyẹn ni mo fi sọ pé ìgbàgbọ́ ọ̀tá jẹ́ apá kan nínú iye rẹ̀.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé bí bọ́ọ̀lù mímú bá ni a ń wá, kí ni ó dé tí a kò fi kó amúbọ́ọ̀lù ẹ̀bá pápá kún amúbọ́ọ̀lù ẹ̀bá pápá, nígbà tí wọ́n yára jù ú lọ? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Táìtì ẹ́ǹdì tí kò lè dènà rárá kò yàtọ̀ púpọ̀ sí amúbọ́ọ̀lù tí ó sanra tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lọ́ra. Ọ̀tá yóò fi ẹ̀ṣọ́ kékeré kan tì í, ọkàn wọn yóò sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí mímú wọn ga débi pé ẹ̀ṣọ́ kékeré kò ká wọn. Tony Gonzalez gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ní yunifásítì kí ó tó wọ NFL ní ọdún 1997, ó sì mọ bí a ti ń fi ẹ̀yìn dí ènìyàn lọ́nà kí a tó nawọ́ sókè. Ọdún 17 ni ó lò, bọ́ọ̀lù 1,325 ni ó mú. Nígbà tí ó fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn sáà 2013, Jerry Rice nìkan ni ó tíì mú jù ú lọ nínú gbogbo ìtàn líìgì náà, láìka ipò sí. Travis Kelce gba yáàdì 1,416 ní ọdún 2020, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì jù ú lọ nínú gbogbo amúbọ́ọ̀lù líìgì lọ́dún náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti kan owó nìyí. Ní NFL, òfin kan wà tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ lè dá agbábọ́ọ̀lù kan dúró fún ọdún kan sí i lẹ́yìn tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí. Owó tí wọn yóò san fún un ni a ń ṣírò láti inú owó àwọn tí owó wọn ga jù ní ipò tirẹ̀. Orúkọ ipò, nígbà náà, di owó. Ní ọdún 2013, Jimmy Graham ti ẹgbẹ́ New Orleans Saints mú bọ́ọ̀lù 86 fún yáàdì 1,215, ó sì gba ayò àgbéwọlé 16, èyí tí kò sí amúbọ́ọ̀lù mìíràn tí ó tó o lọ́dún náà. Saints dá a dúró gẹ́gẹ́ bí táìtì ẹ́ǹdì, ní mílíọ̀nù dọ́là 7.053. Bí ó bá jẹ́ amúbọ́ọ̀lù ẹ̀bá pápá ni wọ́n pè é, mílíọ̀nù 12.312 ni ì bá gbà. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù gbé ẹjọ́ dìde fún un. Wọ́n ní nínú ìdá mẹ́ta ìgbìyànjú tí ó wà lórí pápá, nǹkan bí ìdá méjì ni kò fi fara mọ́ adènà. Ó ti jìnnà sí wọn gẹ́gẹ́ bí amúbọ́ọ̀lù.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ àjàò tún dé! Eku ni tàbí ẹyẹ? Stephen Burbank, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òfin ní Yunifásítì Pennsylvania, ni ó dá ẹjọ́ náà ní oṣù keje ọdún 2014. Ó ní bí Graham bá dúró láàárín yáàdì 4 sí adènà tí ó kẹ́yìn, ipò táìtì ẹ́ǹdì ni ó wà, ìbá à jẹ́ pé kò fara mọ́ ọn. Wọ́n tilẹ̀ tọ́ka sí i pé òun fúnra rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní táìtì ẹ́ǹdì lórí Twitter. Graham pàdánù. Kí oṣù náà tó parí, ó fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 4 ní mílíọ̀nù 40, nítorí náà ebi kò pa á. Ní tèmi, ìdájọ́ náà bá òfin mu. Òfin gan-an ni kò bá iṣẹ́ mu. Ìdí tí ó fi ṣòro fún ọ̀tá láti ṣọ́ ọkùnrin náà ni pé a kò lè fi orúkọ kan pè é; ìdí kan náà ni wọ́n sì fi san owó tí ó kéré fún un. Ẹ̀yin olùkọ́ tí a gbà láti kọ́ ìṣirò, tí a tún fi ṣe alábòójútó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùdarí eré ìje, n kò rò pé ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe àjèjì sí yín.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí táìtì ẹ́ǹdì yóò dé iwájú òfin. John Mackey tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ọdún 1970. Nígbà náà, bí ẹgbẹ́ kan bá gba agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ ti parí níbòmíràn, ọ̀gá líìgì lè pàṣẹ pé kí wọ́n fi agbábọ́ọ̀lù tiwọn tàbí ẹ̀tọ́ àtiyan ẹlòmíràn san gbà-máà-bínú fún ẹgbẹ́ àtijọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ gba ẹnikẹ́ni. Mackey àti àwọn mìíràn pe líìgì lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ sì dájọ́ ní ọdún 1976 pé ìlànà náà lòdì sí òfin tí ó kọ kí àwọn oníṣòwò gbìmọ̀ dí ọjà lọ́wọ́. Nígbà tí ó dàgbà, àìsàn ọpọlọ mú un. Kò rántí nǹkan dáadáa mọ́. Ètò ìrànlọ́wọ́ tí líìgì àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù dá sílẹ̀ ní ọdún 2007 fún àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni wọ́n fi nọ́ńbà ẹ̀wù rẹ̀ pè, 88. Ó kú ní ọdún 2011. Ẹni tí ń dènà a máa forí gbá òmìrán ní ìgbìyànjú kan. Ní èkejì, tí ó bá nawọ́ sókè láti mú bọ́ọ̀lù, ẹ̀ṣọ́ tí ń sáré bọ̀ yóò kọlu egungun ìhà rẹ̀. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ méjì jẹ ìyà iṣẹ́ méjì.

Owó wọn ti gòkè láti ìgbà Graham. Ní ọdún 2020, George Kittle ti San Francisco 49ers, ẹni tí ó mọ dídènà bí ó ti mọ mímú, gba àdéhùn ọdún 5 ní mílíọ̀nù 75. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Trey McBride ti Arizona Cardinals gba mílíọ̀nù 76 fún ọdún 4, ìyẹn mílíọ̀nù 19 lọ́dún. Bọ́ọ̀lù 111 ni ó mú ní sáà tí ó ṣáájú. Ṣùgbọ́n oṣù kan ṣáájú ni Ja'Marr Chase, amúbọ́ọ̀lù ẹ̀bá pápá ti Cincinnati Bengals, ti gba mílíọ̀nù 161 fún ọdún 4, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù 40 lọ́dún. Owó táìtì ẹ́ǹdì nínú ẹjọ́ ti 2014 ju ìdajì owó amúbọ́ọ̀lù ẹ̀bá pápá lọ. Nínú àdéhùn méjì ti 2025 yìí, kò tó ìdajì mọ́.

Olóòtú, mo rí i pé ẹlẹgbẹ́ mi tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún ti ń mi orí láti ìgbà tí mo ti dárúkọ Chase, ó sì ṣeé ṣe kí ó gbà pé owó náà tọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Mo fi àyè sílẹ̀ fún wọn.